Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Ayé Tí Ẹ Kọ́ Sínú Géèmù Orí Búráúsà

Ayé tí ẹ kọ́ sínú géèmù orí búráúsà kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé dátà ni wọ́n fi ṣí i. Ṣùgbọ́n odò tí ẹ gbẹ́, ìlú tí ẹ tẹ̀ dó, gbogbo ohun tí ẹ fi oṣù mẹ́ta pò pọ̀, inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín yẹn ni wọ́n wà, ní igun kan tí búráúsà yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹ gba fóònù ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ ṣí géèmù kan náà níbẹ̀. Òfìfo lẹ máa bá.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀bẹ̀ "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá géèmù mi, ó ti lọ" fi pọ̀ lọ́dọ̀ àwa tá a mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ní àyíká Under-G, nítòsí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n bá fi máa wá, ó ti bọ́. Kò sí ọ́fíìsì tí a fẹ́ kọ̀wé sí pé kí wọ́n dá a padà, torí pé kò sí lọ́wọ́ wọn rí. Ẹni tó ṣe géèmù náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ kọ́ ìlú kankan.

Géèmù sandbox ni mò ń bá wí jù lọ níbí: irú èyí tí kò sí pé a jẹ tàbí a ò jẹ, tí iṣẹ́ yín kò ju kí ẹ máa da yanrìn, omi àti iná pọ̀ kí ẹ wo ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, tàbí kí ẹ máa to nǹkan lé nǹkan. Sandboxels wà nínú wọn, Infinite Craft tí Neal Agarwal gbé jáde ní 2024 náà wà níbẹ̀, àti ọ̀kẹ́ àìmọye géèmù kéékèèké tó wà lórí ìkànnì itch.io. Cookie Clicker tó ti wà láti 2013 kì í ṣe sandbox ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà kó séèfù (ayé tàbí iṣẹ́ yín tí géèmù ti pa mọ́) jáde mọ́ tónítóní débi pé òun ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ibi tí séèfù yín wà gan-an

Ẹ mú búráúsà bí ilé face-me-I-face-you. Àdírẹ́sì ìkànnì kọ̀ọ̀kan gba yàrá kan, ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kò sì sí èyí tó lè wọ yàrá ìkejì. Chrome jẹ́ ilé kan, Firefox jẹ́ ilé mìíràn, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà lórí fóònù kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí ẹ bá fi Chrome bẹ̀rẹ̀ géèmù lánàá, tí ẹ wá tẹ líǹkì rẹ̀ nínú Facebook lónìí, búráúsà kékeré inú Facebook lẹ bọ́ sí, ẹ ò sì ní bá ẹrù yín níbẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ó sọ nù. Ẹ padà sí Chrome kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

Àdírẹ́sì tó fi www bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí kò ní www, yàrá méjì ni. http àti https, yàrá méjì náà ni. Géèmù tí ẹ ń ta lórí itch.io wá ní ti ẹ̀ lọ́tọ̀: inú fèrèsé kékeré kan tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lábẹ́ itch.zone ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe lábẹ́ itch.io tí ẹ rí lókè. Bí ẹni tó ṣe é bá gbé géèmù kan náà sórí ìkànnì tirẹ̀, ìlú tí ẹ kọ́ lórí itch.io kò ní bá yín débẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé, "Mo ti wọ àkáǹtì Google mi nínú Chrome, ó ń pa gbogbo nǹkan mọ́ fún mi." Rárá o. Ọ̀rọ̀ aṣínà, bookmark àti ìtàn ibi tí ẹ ti lọ ni Chrome ń gbé láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Kì í gbé séèfù géèmù. Àfi géèmù tó bá ní kí ẹ fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀ ló ṣeé ṣe kó máa tọ́jú ayé yín sọ́dọ̀ ara rẹ̀, a ò sì rí ìyẹn púpọ̀ nínú géèmù kéékèèké wọ̀nyí.

Yàrá náà kò tóbi. Èyí tí wọ́n ń pè ní localStorage kì í sábàá ju nǹkan bíi 5 MB lọ fún àdírẹ́sì kan. Géèmù tó bá wúwo máa ń lo IndexedDB, tó gba ẹrù jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tó dùn mọ́ wa nínú èyí ni pé séèfù fúyẹ́: dátà tí ẹ fi máa fi ọ̀pọ̀ nínú wọn ránṣẹ́ kò tó èyí tí fọ́tò kan ń jẹ.

Ohun tó ń gbé e lọ

Olórí wọn ni Delete browsing data, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣì mọ̀ sí Clear browsing data. Fóònù kún, ẹnì kan ní kí ẹ lọ nu Chrome, ẹ sì fi àmì sí gbogbo àpótí tó wà níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà wọ́n. Cached images and files kò kan séèfù yín rárá. Ẹ pa á rẹ́ nígbàkigbà tó bá wù yín. Cookies and site data ni ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, torí pé òun ló ń kó ẹrù inú yàrá dà síta. Bákan náà ló rí nínú Settings fóònù fúnra rẹ̀, lábẹ́ Apps, Chrome, Storage: Clear cache kò léwu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ Manage space tí ẹ ní kí ó pa gbogbo dátà rẹ́, ó parí nìyẹn.

Incognito, fèrèsé búráúsà tí kì í rántí nǹkan, náà ń tan ènìyàn. Géèmù á ṣí, á ní òun ti pa iṣẹ́ yín mọ́, òótọ́ ló sì sọ; ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ti fèrèsé náà pa báyìí, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Fún ẹ̀yin tó ń lo iPhone, láti 2020 ni Safari ti ń pa ohun tí ìkànnì tọ́jú rẹ́ bí ẹ bá lo Safari fún ọjọ́ 7 láìfọwọ́ kan ìkànnì náà. Bí ẹ bá fi géèmù náà sójú fóònù pẹ̀lú Add to Home Screen, òfin yẹn kò mú un mọ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ojú fóònù àti inú Safari kì í jọ pín yàrá. Ẹ kó séèfù jáde ní Safari, kí ẹ wá kó o wọ ibẹ̀.

Bí àyè bá tán lórí ẹ̀rọ, búráúsà fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lé ayálégbé jáde, àwọn ìkànnì tó ti pẹ́ jù tí ẹ dé ni yóò sì kọ́kọ́ lé.

Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni tab méjì. Ẹ ṣí géèmù sí tab kan láàárọ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ní alẹ́, ẹ ṣí i sí tab mìíràn, ẹ fi wákàtí méjì kọ́lé. Tab tàárọ̀ ò sùn, ayé tàárọ̀ ló ṣì mọ̀, bí àkókò tó ń pa nǹkan mọ́ bá sì tó, á kọ ti àárọ̀ lé orí ti alẹ́. Tab kan fún géèmù kan, kò sí méjì.

Ti iná ọba, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Cookie Clicker ń pa iṣẹ́ mọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, torí náà bí iná bá lọ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní UPS, àdánù yín kò ju ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n àwọn géèmù kan wà tí kì í pa nǹkan kan mọ́ àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tẹ Save. Ẹ wádìí irú èyí tí tiyín jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bí a ṣe ń kó o jáde

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wá ilẹ̀kùn. Ẹ ṣí géèmù, kí ẹ tẹ Settings, Options, Menu tàbí Saves, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Ẹ wá ọ̀rọ̀ bíi Export, Download, Backup tàbí Save to file. Nínú Sandboxels, ẹ lè pa iṣẹ́ yín mọ́ sínú búráúsà, ẹ sì lè dáńlóòdù rẹ̀ bíi fáìlì. Èyí tó wà nínú búráúsà yẹn kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ o. Inú yàrá kan náà ló ṣì wà. Fáìlì tí ẹ dáńlóòdù nìkan ló bọ́ nínú ewu.

Àwọn géèmù mìíràn kì í fún yín ní fáìlì, ọ̀rọ̀ gígùn tí kò nítumọ̀ ni wọ́n máa ń kọ síwájú yín pé kí ẹ kọ́pì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe lórí fóònù, torí pé ìka kì í gbá ọ̀rọ̀ náà tán. Ẹ lo Select all, ẹ má fi ìka fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ìparí rẹ̀. Ti Cookie Clicker máa ń parí sí %21END%21. Bí ẹ ò bá rí i níparí, apá kan ti já sílẹ̀, kò sì ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Géèmù yẹn náà ní Save to file lẹ́gbẹ̀ẹ́ Export save. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí méjèèjì, fáìlì ni kí ẹ mú.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ló wà, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì .txt. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ọ̀rọ̀ lásán. WhatsApp ń sọ ohun tó wà láàárín àmì ìràwọ̀ méjì di lẹ́tà dúdú, ó sì ń sọ ohun tó wà láàárín ìlà ìsàlẹ̀ méjì di lẹ́tà tó tẹ̀. Bí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá wà nínú séèfù yín, ó ti bàjẹ́. Ẹ so fáìlì mọ́ ọn bíi Document, ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín.

Orúkọ ló kàn. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, àpò Downloads yín á kún fún save, save (1), save (2), ẹ ò sì ní mọ èwo lọmọ ìyá èwo. Ẹ kọ orúkọ géèmù, kí ọdún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà oṣù, ọjọ́, àti ọ̀rọ̀ kan tó máa rán yín létí: sandboxels_2025-06-14_odo-meji. Bí ọdún bá ṣíwájú, fóònù fúnra rẹ̀ á tò wọ́n láti orí èyí tó pẹ́ jù dé orí tuntun. Ẹ má fi àmì ohùn sínú orúkọ fáìlì. Mo fẹ́ràn àmì ohùn dáadáa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan máa ń sọ ọ́ dìdàkudà.

Ibo lẹ máa wá gbé e sí? Èyí tó wà nínú fóònù tí ẹ fi ń ta géèmù náà kò tó, torí pé olè kì í yọ séèfù sílẹ̀ kó tó gbé fóònù. Google Drive fún ènìyàn ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣe fódà kan síbẹ̀. Flash drive náà dára, tàbí memory card tí ẹ lè yọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀dà kan lórí Drive àti ìkan lórí flash, ó tó fún géèmù.

Ẹ dán an wò kí ọjọ́ tó pé

Kò sẹ́ni tó ń ṣe èyí, mo sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Séèfù tí ẹ ò tíì ṣí wò, ẹ ò mọ̀ bóyá séèfù ni.

Ibí ni Incognito ti wúlò. Ẹ ṣí fèrèsé Incognito, ẹ lọ sí géèmù náà. Yàrá òfìfo ló máa jẹ́. Ẹ tẹ Import tàbí Load from file, ẹ mú fáìlì tí ẹ kó jáde. Bí ìlú yín bá yọ, tí odò wà níbi tí ẹ gbẹ́ ẹ sí, fáìlì yẹn dára. Ẹ ti fèrèsé náà pa. Ayé yín gan-an kò mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe ìdánwò yìí nínú fèrèsé tí ẹ ti ń ta géèmù lójoojúmọ́, nítorí Import máa ń kọ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, bí fáìlì bá sì ti bàjẹ́, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ba èyí tó dára jẹ́.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ kọ́kọ́ ṣe Export kí ẹ tó ṣe Import.

Géèmù tí kò ní Export

Ẹ máa nílò kọ̀ǹpútà. Nínú Chrome, ẹ ṣí géèmù, ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí Application, ẹ wo Local Storage lápá òsì. Nínú Firefox, Storage ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó jọ ti géèmù yín níbẹ̀, ẹ lọ sí Console, kí ẹ kọ èyí:

copy(JSON.stringify(localStorage))

Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn ti bọ́ sínú clipboard. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì .txt. Bí ó bá jẹ́ géèmù itch.io, ẹ kọ́kọ́ tẹ ibi tí wọ́n kọ top sí lókè Console, ẹ yan fèrèsé itch.zone, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yàrá ẹlòmíràn lẹ máa kó.

Láti dá a padà, ẹ kọ èyí, kí ẹ fi ohun tó wà nínú fáìlì rọ́pò SÉÈFÙ:

const s = SÉÈFÙ; for (const k in s) localStorage.setItem(k, s[k]);

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Bí géèmù bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó lè kọ ti ara rẹ̀ lé èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà nígbà tí ẹ bá ń tún ojú ewé ṣí. Ẹ fi /robots.txt sí ẹ̀yìn àdírẹ́sì ìkànnì náà. Ojú ewé òfìfo tàbí ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló máa yọ, géèmù ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá kan náà ni, àyàfi géèmù orí itch.io, tí ọgbọ́n yìí kò bá mu. Ẹ ṣe é níbẹ̀, kí ẹ tó padà sínú géèmù.

Chrome lè kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ Console lákọ̀ọ́kọ́, á ní kí ẹ kọ allow pasting. Kì í ṣe ìyọlẹ́nu. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń fún ènìyàn ní ọ̀rọ̀ tó máa lẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á sì fi jí àkáǹtì rẹ̀ gbé. Ẹ má lẹ ohunkóhun tí kò yé yín mọ́ ọn, kódà bó jẹ́ pé wọ́n ní ó máa fún yín ní góòlù ẹgbẹ̀rún nínú géèmù.

Bó bá jẹ́ orí fóònù Android ni ayé yín wà, ẹ tan USB debugging lórí fóònù, ẹ fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí chrome://inspect nínú Chrome ti kọ̀ǹpútà. Ẹ ó rí tab fóònù yín níbẹ̀, ẹ sì lè ṣe gbogbo èyí sí i láti orí kọ̀ǹpútà.

Géèmù tí wọ́n fi Unity tàbí Godot ṣe kì í sábàá fi nǹkan sí localStorage, IndexedDB ni wọ́n máa ń lò, àṣẹ tí a kọ sí Console lókè yìí kò sì ní rí wọn. Fún irú wọn, ọ̀nà tó rọrùn jù lórí Windows ni kí ẹ ti Chrome pa pátápátá, kí ẹ kọ́pì fódà User Data tó wà nínú AppData, Local, Google, Chrome. Ó wúwo, ọ̀rọ̀ aṣínà yín sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn géèmù Flash àtijọ́ tí Adobe dẹ́kun àtìlẹ́yìn wọn ní ìparí 2020, tí Ruffle wá ń mú kí wọ́n tún ṣiṣẹ́ nínú búráúsà, rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí géèmù, ẹ yan Open Save Manager, ẹ dáńlóòdù fáìlì .sol. Ó tán.

Kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín

Ní káfè àti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ọ̀pọ̀ ló máa ń fi Deep Freeze sórí kọ̀ǹpútà wọn. Bí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún tan án, ó ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìlú yín ò sí mọ́. Kí ẹ tó dìde, ẹ ṣe Export, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kí ẹ sì jáde nínú ímeèlì náà. Ìṣẹ́jú méjì tí ẹ fi sílẹ̀ níparí àkókò tí ẹ san owó rẹ̀ tó fún un. Ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀gá bá ní àkókò ti pé.

Ọmọ tó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ta géèmù wà nínú ewu ju gbogbo wọn lọ. Màmá ò mọ̀ pé ayé kan wà nínú Chrome òun; ó fẹ́ rí àyè fún fídíò ìsìn, ó sì nu gbogbo nǹkan. Ẹ bá àbúrò yín kó séèfù rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ sì sọ fún Màmá wẹ́rẹ́ pé tí fóònù bá kún, Cached images nìkan ni kí wọ́n máa nù.

Mélòó ló tó?

Ẹ má pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Mẹ́ta tó kẹ́yìn tó fún ọ̀pọ̀ géèmù, pẹ̀lú ìkan tí ẹ ṣe kí ẹ tó dá nǹkan ńlá lé: kí ẹ tó tan mod tuntun (àfikún tí ẹlòmíràn ṣe fún géèmù), kí ẹ tó tú iná sínú igbó, kí ẹ tó gba ìmúdójúìwọ̀n. Séèfù àtijọ́ sábàá máa ń ṣí nínú géèmù tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá ti pa mọ́ nínú tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí padà nínú ti àtijọ́. Bí ẹ bá ń lo mod, ẹ kọ orúkọ wọn sínú fáìlì .txt kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ séèfù. Láìsí wọn, apá kan ayé náà lè má yọ mọ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé fóònù lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe ní Tákìé, ẹ ti kó séèfù jáde kí ẹ tó kúrò nílé, torí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu wọn ni pé ó máa gba fọ́múàtì. Tó bá jẹ́ pé tuntun lẹ rà, ẹ fi Chrome sí i, ẹ ṣí àdírẹ́sì géèmù yẹn gan-an, ẹ ṣe Import, ẹ ti búráúsà pa, ẹ tún un ṣí ní ọjọ́ kejì kí ẹ rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má tíì ta ti àtijọ́ kó tó dìgbà náà.